Ọjọ́ Tí Kò Ṣẹlẹ̀ Ló Ń Tàn Wá Jẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn èrò ọkọ̀ sọ ní Abẹ́òkúta lórí ìwàkuwà ojú ọ̀nà nìyí. Mo tún un kọ, mo sì fi díẹ̀ kún un níbi tí àkókò kò ti gbà wá lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ fi tọ́ọ̀nù àárọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí tèmi, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá dúró wákàtí kan, owó ló dúró yẹn. N ò ní í fi àkókò yín ṣeré.

Inú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo wọ Micra ní Láfẹ́nwá, à ń lọ sí Ìta-Oṣìn. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti mú ojú ọ̀nà. Awakọ̀ wa, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, rí àlàfo láàárín ọ̀nà méjèèjì, ó yí ọkọ̀ síbẹ̀, ó bọ́ sí ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Ó tan iná iwájú, ó ń fun fèrè kíkankíkan bí ẹni pé àwọn tó ń bọ̀ ló ṣìnà. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn figbe ta: "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ọmọ náà kò bínú rárá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi dáhùn: "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbà á."

A dé láyọ̀. Ìyá náà sanwó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí i pé mi ò tíì sọ ohun tí èmi alára ṣe nínú ọkọ̀ yẹn. Mo máa padà síbẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbà á." Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Lójú ọmọ yẹn, ẹ̀rí pé kò séwu ni. Lójú tèmi, ẹ̀rí pé kò tíì ṣẹlẹ̀ ni.

Kì í ṣe àìmọ̀ ló ń dà wá láàmú. Kò sí awakọ̀ kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò mọ̀ pé òfin kò fàyè gba kí èèyàn dojú kọ àwọn tó ń bọ̀. Ọmọ Micra náà mọ̀. Ní ọdún 1990, James Reason àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn awakọ̀ léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe nídìí ọkọ̀, wọ́n sì rí i pé ohun tí à ń pè ní ìwàkuwà lójú ọ̀nà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Apá kan jẹ́ àṣìṣe àti ìgbàgbé: ẹni tó fẹ́ tan iná tó lọ tẹ wáípà, ẹni tó fẹ́ gbéra tí kò mọ̀ pé jíà kẹta lòún fi sí. Apá kejì jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe: ẹni tó mọ òfin, tó rí ewu, tó sì tẹ̀ ẹ́ lójú, bíi kí ó fẹ́ kọjá ọkọ̀ iwájú níbi tí ọ̀nà ti yí tí kò rí ọ̀ọ́kán. Àwọn tó ń ṣe ti àkọ́kọ́ kọ́ ló pọ̀ jù nídìí èkejì. Àmọ̀ọ́mọ̀ṣe yìí gan-an ni àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ó ń bá ìjàǹbá rìn. Ó pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ju àgbà lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Èmi kọ́ ni mo ṣe ìwádìí náà.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó, nítorí pé oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣàṣìṣe, ẹ kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó sinmi, yóò dára sí i. Ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, bí ẹ bá lẹ pátákó "eré àsápajúdé léwu" mọ́ gbogbo òpó iná láti Kútọ̀ dé Ọbáńtokò, yóò kà á tán, yóò tún tẹ tọ́tù. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kí ẹni tó bá dá a lójú pé òún mọ ọkọ̀ wà ju ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ nawọ́. Ọwọ́ ga bí igbó. Alàgbà kan ṣoṣo tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni kò nawọ́. Nígbà tí a parí, ó sọ fún mi pé òun kò mọ ọkọ̀ wà rárá.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní 1981, Ola Svenson, onímọ̀ kan ní Sweden, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ará Amẹ́ríkà, 93 nínú 100 ló fi ara wọn sí ìdajì òkè nínú mímọ ọkọ̀ wà. Nínú àwọn ará Sweden, 69 nínú 100. Ìdajì ni ìdajì ń jẹ́, kò lè gba èèyàn 93. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tan ara wọn jẹ, wọn kò sì mọ̀.

Ibo la ti rí ìgbéraga yìí? Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wa. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, lójú ẹsẹ̀ ni ìkòkò ti máa dá sẹ̀ríà fún un, kò sì ní í dán an wò mọ́. Ojú ọ̀nà kì í ṣe ìkòkò. Ẹ lè kọjá ọkọ̀ níbi tí kò yẹ lónìí, kí ẹ mú un jẹ. Ẹ ṣe é lọ́la, ẹ tún mú un jẹ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá mú un jẹ, ọkàn yín á kọ ọ́ sílẹ̀ pé: mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò àfiṣàpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ìgbà kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún ni irú ìkọjá bẹ́ẹ̀ máa ń di ìjàǹbá. Ó kéré, àbí? Awakọ̀ tó bá ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ lọ́dún, ti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀rún kí ọdún tó yípo. Ọgọ́rùn-ún péré ló kù kí ẹgbẹ̀rún pé. Gbogbo ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀rún tó ti kọjá yẹn ló sì fi ń dá ara rẹ̀ lọ́kàn le.

Àwọn àgbà tó wà níbí yóò rántí 2 April 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa, ní 3 September 1967. Àwọn èèyàn ibẹ̀ rò pé ọkọ̀ yóò máa kọlu ọkọ̀ káàkiri ìlú. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ìjàǹbá dín kù. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé, oníkálukú ń rọra, ojú ń wo ọ̀tún, ojú ń wo òsì. Ṣùgbọ́n kí nǹkan bí ọdún méjì tó pé, iye ìjàǹbá ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà lára ọ̀nà. Ojú ló ti mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ eré ńkọ́? Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ewúrẹ́ bá já wọ títì lójú ọ̀nà Ṣágámù, kí awakọ̀ tó rí i, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù sí orí búrẹ́ẹ̀kì, ìṣẹ́jú-àáyá kan àbọ̀ ti lọ. Mítà 42 nìyẹn, búrẹ́ẹ̀kì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Búrẹ́ẹ̀kì náà sì ní ìṣirò tirẹ̀: bí ẹ bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí ọkọ̀ máa jẹ kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí ọ̀dà gbígbẹ tó dára, ọkọ̀ kékeré tó ń sá 50 lè fi nǹkan bíi mítà 14 dúró lẹ́yìn tí búrẹ́ẹ̀kì bá mú. Bó bá ń sá 100, ó tó mítà 55. Táyà tó ti dán bí orí apárí kò sí nínú ìṣirò yìí o. Òjò náà kò sí níbẹ̀.

Kí la sì ń jèrè? Ẹ mú ìrìn àjò 60 kìlómítà. Bí ẹ bá sá 100, ìṣẹ́jú 36 lẹ máa fi dé. Bí ẹ bá sá 120, ìṣẹ́jú 30. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lèrè. Lẹ́yìn náà ẹ ó dé gárèjì, ẹ ó tò sí tọ́ọ̀nù, ẹ ó jókòó fún odidi wákàtí kí èrò tó kún, ẹ ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́fà tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀mí dí yẹn jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Òfin ní kí ọkọ̀ èrò má kọjá 90 lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ọkọ̀ aládàáni má kọjá 100, kí gbogbo wa má sì kọjá 50 láàárín ìlú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí eré tí ọkọ̀ ń sá bá fi 1 nínú 100 pọ̀ sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pààyàn á fi 4 nínú 100 pọ̀ sí i. Àjọ yẹn kan náà ló ṣírò pé bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ló ń kú lójú pópó lágbàáyé lọ́dún, àti pé òun ló ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ogun.

Fóònù kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré lórí eré 80, ẹ ti fi ojú dídì rin bíi mítà 67. Ẹni tó ń lo fóònù nídìí ọkọ̀ súnmọ́ ìjàǹbá ní ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tí kò lò ó lọ, èyí tí ẹ fi sí etí kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ náà lọ, nítorí ọkàn ló ń kúrò lójú ọ̀nà, kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Ìdajì ohun tí à ń sọ lórí rẹ̀, irọ́ tún ni: "Mo ti dé Adátán," nígbà tí ẹni náà ò tíì kúrò ní Ọbáńtokò.

Mo fẹ́ kan ohun tí àwọn kan ò ní í fẹ́ kí n kàn. Àyànmọ́. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ohun tí à ń sọ ni pé àkókò rẹ̀ ti tó, tàbí pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ní 1998, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Dongo Rémi Kouabenan tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn ará Côte d'Ivoire, níbi tí ìgbàgbọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiwa. Ó rí i pé àwọn tó gbà pé kádàrá ló ń fa ìjàǹbá a máa fi ara wewu jù. Mi ò wá bú ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ Ògún wọlé, òun tó ni irin. Ọmọ Ògún pátápátá ni alágbẹ̀dẹ, òun ló súnmọ́ Ògún ju gbogbo awakọ̀ lọ. Ẹ ti rí alágbẹ̀dẹ tó fi ọwọ́ lásán di irin tó ń pọ́n nínú iná mú rí? Ẹ̀mú ló fi ń dì í mú. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹ̀mú náà ń fi hàn pé kò gba Ògún gbọ́. Búrẹ́ẹ̀kì ni ẹ̀mú awakọ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí tẹ̀sùbáà ń fì lára díńgí yín, ẹ mọ ọ̀rọ̀ Ànábì pé kí èèyàn so ràkúnmí rẹ̀ kó tó gbára lé Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ó wá kàn yín. Mo rí i pé àwọn kan ti ń wo aago.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí dẹ̀lífà ṣe ń rìn. Ọlọ́kọ̀ á dá iye kan lé awakọ̀ lójoojúmọ́. Epo, ọrùn awakọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọrùn awakọ̀. Láti ìparí May 2023 tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹ mọ ohun tí jálá epo kan ti dà. Awakọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo márùn-ún ìdájí, yóò sì ṣiṣẹ́ ti epo àti ti dẹ̀lífà títí oòrùn yóò fi yí. Ohun tó bá pa lẹ́yìn ìyẹn ni ti ìyàwó àti ọmọ. Ẹ wò ó dáadáa: wákàtí tí ara rẹ̀ jí pépé, ti ẹlòmíràn ni. Wákàtí tí ojú rẹ̀ ti wúwo, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí iná ọkọ̀ kan ń bọ̀ tí èkejì ti kú, ìyẹn gan-an ni wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa mu páragà kan kí ojú lè là. Ìgbà yẹn ló máa sáré. Bí ẹ bá sì dé ilé rẹ̀ láti wàásù fún un nípa sùúrù, ẹ máa rí i pé ó gbọ́ ọ yé ju yín lọ.

Mi ò sọ pé kí ẹ má gba owó yín. Ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọlọ́kọ̀ tó dá iye tí eré àsápajúdé nìkan lè pa, tó sì fi táyà sí ọrùn awakọ̀, wà nínú ọkọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ ń sùn nílé. Ẹ fi ọjọ́ ìsinmi kan tí kò ní dẹ̀lífà sínú àdéhùn yín. Ẹ ra táyà fúnra yín. Ẹlòmíràn nínú yín ti ń ṣe é, mo mọ̀ wọ́n, ọkọ̀ wọn sì ń pẹ́ lọ́wọ́.

Ní ti òfin, ọmọ Aké wa, Wọlé Ṣóyínká, ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1988, ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí à ń ṣe bí a bá rí aṣọ Road Safety tàbí ti TRACE, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ́ọ̀ọ́kán. A óò fa bẹ́líìtì, a óò gbé e kọ́ àyà, a ò ní í kì í bọ ojú ihò rẹ̀. Bí a bá kọjá wọn tán, a óò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì tó lè dín ewu ikú ẹni tó jókòó níwájú kù sí bí ìdajì, a sọ ọ́ di sáàṣì ìgbéyàwó. Ní 2009, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú àwọn ọlọ́kadà lórí akoto, àwọn kan nílẹ̀ yìí gbé igbá dé orí, ẹlòmíràn gbé ike ọ̀dà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni: ọlọ́pàá ni wọ́n gbé igbá náà dé fún, kì í ṣe fún orí ara wọn.

Ẹ̀ṣọ́ kò sì lè wà níbi gbogbo. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà ni èrò. Èyí ló gbé mi padà sí ọkọ̀ Láfẹ́nwá.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyí: mi ò ṣe nǹkan kan. Ìyá yẹn pariwo, ó wo ojú wa kí ẹnì kan lè gbè é lẹ́yìn. Mo ti pẹ́ fún ibi tí mò ń lọ. Mo wo ìta. Ọkùnrin tó wà níwájú tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá ni awakọ̀ náà. Nítorí náà, ohun tí ọmọ yẹn kọ́ lọ́jọ́ náà ju pé ó mú un jẹ lọ. Ó kọ́ pé ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin tó gbé fọwọ́ sí i. Èmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ní Kenya, àwọn olùwádìí méjì, James Habyarimana àti William Jack, lẹ ìwé kékeré mọ́ inú àwọn ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní matatu. Ohun tí ìwé náà sọ fún èrò kò ju pé bí awakọ̀ bá ń wa ìwàkuwà, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n má dákẹ́. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, ìjàǹbá tí àwọn ọkọ̀ tó ní ìwé yìí kó lọ sọ́dọ̀ àwọn adójútòfò dín kù láti ìdajì dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Wọn kò tún ọ̀nà ṣe. Wọn kò yan ẹ̀ṣọ́ tuntun. Èrò ni wọ́n fún lẹ́nu. Ojú ọ̀nà kì í bá awakọ̀ wí àfi lọ́jọ́ tí ẹ̀pa kò bá oró mọ́. Ohùn èrò lè bá a wí lónìí, kí awakọ̀ náà sì sunkún lórí rẹ̀ lálàáfíà nílé rẹ̀.

Nígbà tí mo parí, àwọn kan bi mí ní ìbéèrè nípa táyà tókúnbọ̀, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ ká jáde síta ká wo ó lára ọkọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà kọ̀ọ̀kan: méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bàbá awakọ̀ kan ní kí n ka tòun. Mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ọwọ́ nu eruku rẹ̀. 3514 ni mo rí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2014.

Bàbá náà na ara rẹ̀ tọ́, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà náà pẹ́ẹ́. "Ọdún mẹ́ta rèé tó ti ń gbé mi lọ Èkó, kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Kí n tó wá ọ̀rọ̀ sọ, ọmọbìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti dá a lóhùn.

"Bàbá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀."